Ta ni ó kọ ọ́, Nígbà wo? Ẹ̀kọ́ kan láti inú ìtàn ìjà àwọn ará Ṣáínà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, àṣìṣe ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, èmi gan-an ni mo sì ṣe é. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa rán wa jáde láti lọ dán iṣẹ́ olùkọ́ wò, kíláàsì kẹrin ni wọ́n fi mí sí, ní ilé-ìwé kan ní ìhà Òkè Ọya níhìn-ín. Àwọn ọmọ náà fẹ́ràn sinimá ìjà àwọn ará Ṣáínà lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí agogo ìsinmi bá ti lù, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, wọn a máa ju ẹsẹ̀, wọn a sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ gé afẹ́fẹ́ bí ẹni gé igi. Mo rò nínú ara mi pé ohun tí ọmọ fẹ́ràn ni olùkọ́ lè gbà wọ inú ọkàn rẹ̀. Nítorí náà mo múra ẹ̀kọ́ ìtàn kan sílẹ̀ lórí ìjà yìí.

Ohun tí mo kọ́ wọn ni èyí. Mo ní àlùfáà ẹ̀sìn Búdà kan wà láyé àtijọ́, Bodhidharma ni orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ Íńdíà ni ó sì ti wá. Mo ní ó dé ilé ìsìn Shaolin ní Ṣáínà ní ọdún 527, ó kọjú sí ògiri fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì rí i pé àwọn tí wọ́n fi ayé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn níbẹ̀, àwọn tí à ń pè ní mọ́ńkì, ti di aláìlágbára nítorí ìjókòó. Ó wá kọ́ wọn ní eré ìdárayá, láti inú eré ìdárayá náà sì ni gbogbo ìjà ilẹ̀ Ṣáínà ti ṣẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sára pátákó, àwọn ọmọ sì dà á kọ sínú ìwé wọn.

Bí mo ti ń nu pátákó, ọmọbìnrin kékeré kan tí ó jókòó lẹ́yìn na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ta ni ó wà níbẹ̀ tí ó kọ ọ́ sílẹ̀?" Mo dá a lóhùn pé inú ìwé ni ó wà. Ó tún ní, "Ta ni ó kọ ìwé náà, sà? Nígbà wo ni ó kọ ọ́?" Ẹnu mi wọhò. Ìwé pẹlẹbẹ kan tí mo rà létí ọ̀nà ni mo ti ka ìtàn náà, n kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí òun ti gbọ́ ọ. Mo ní, "Jókòó, n ó dá ọ lóhùn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀." Àwọn àgbà kò ṣì wí nígbà tí wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nígbà tí mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́ wa ní òpin ọ̀sẹ̀, mo lọ bá olùkọ́ ìtàn wa. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yá mi ní ìwé tí Meir Shahar, olùkọ́ àgbà ní yunifásítì ìlú Tel Aviv, kọ nípa ilé Shaolin ní ọdún 2008. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ìbéèrè ọmọ kékeré yẹn gan-an ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń béèrè láti ìgbà pípẹ́.

Lọ́yà tí ó yẹ ìtàn wò

Ẹni tí ó ṣíwájú wọn jù lọ ni ọkùnrin ará Ṣáínà kan tí à ń pè ní Tang Hao. Lọ́yà ni, ilẹ̀ Japáàn ni ó ti kọ́ ìmọ̀ òfin, òun fúnra rẹ̀ sì tún kọ́ ìjà ilẹ̀ baba rẹ̀. Ní ọdún 1928 ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan sílẹ̀ ní ìlú Nanjing fún irú ìjà bẹ́ẹ̀, Tang Hao sì bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí lọ́yà ti í yẹ ìwé ẹ̀rí wò ní kóòtù ni ó ṣe ń yẹ ìtàn ìjà wò. Bí ẹnì kan bá sọ fún un pé ìjà kan ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún, yóò wá ìwé tí ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, yóò sì wádìí ọdún tí a kọ ọ́. Ní ọdún 1930 ó tẹ ìwé kan jáde nípa Shaolin àti òkè Wudang, ó sì fi hàn nínú rẹ̀ pé àwọn tí a ń pè ní baba ìjà ní ibi méjèèjì kò ní ohun tí ó dà wọ́n pọ̀ mọ́ ìjà rárá. Ìwé náà bí àwọn oníjà kan nínú, nítorí lójú tiwọn ńṣe ni ó ń bu àwọn baba ńlá wọn kù. Tang Hao kú ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là ni àwọn onímọ̀ ìtàn ìjà ṣì ń tọ̀ títí di òní.

Ohun tí àwọn ìwé àtijọ́ wí

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà Tang Hao yẹ ọ̀rọ̀ Bodhidharma wò. Ìwé tí ó pẹ́ jù lọ tí a ti rí orúkọ rẹ̀ ni èyí tí Yang Xuanzhi kọ ní ọdún 547 nípa àwọn ilé ìsìn ìlú Luoyang. Ó wí níbẹ̀ pé àlejò arúgbó kan tí ó ti ìwọ̀-oòrùn wá dúró wo ilé ìsìn ńlá kan, ẹwà ilé náà yà á lẹ́nu, ó sì ń yìn ín. Ní nǹkan bí ọdún 645, mọ́ńkì kan tí à ń pè ní Daoxuan kọ ìtàn ìgbésí-ayé àwọn mọ́ńkì olókìkí. Ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ Bodhidharma àti bí ó ti ń kọ́ ènìyàn láti jókòó jẹ́ẹ́ kí ọkàn sì pa rọ́rọ́. Kò sí ìjà nínú ìwé kìn-ín-ní, kò sì sí nínú èkejì.

Síwájú sí i, kì í ṣe nítorí Bodhidharma ni a ṣe kọ́ ilé Shaolin. Ní nǹkan bí ọdún 495 ni ọba ńlá Xiaowen kọ́ ọ sí òkè Song, ní agbègbè Henan, fún mọ́ńkì ará Íńdíà mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Batuo.

Ìwé tí ó jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀

Níbo wá ni ìtàn náà ti wá? Inú ìwé kan tí à ń pè ní Yijin Jing ni, èyí tí ó túmọ̀ sí ìwé ìyípadà iṣan. Ìwé eré ìdárayá ni, tí ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń mú ara le. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí a kọ orúkọ Li Jing sí. Balógun olókìkí ni Li Jing ní ayé àwọn ọba Tang. Ọdún 628 ni a kọ sí i. Ó sọ pé Bodhidharma fi àpótí irin kan sílẹ̀ ní Shaolin, àti pé inú àpótí náà ni a ti bá ìwé yìí.

Bí a bá kọ́kọ́ kà á, ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara balẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ní ayé ọba Xiaoming, ní àkókò tí à ń pè ní Taihe, ni Bodhidharma kúrò ní ilẹ̀ Liang tí ó wá sí ilẹ̀ Wei. Ọdún 477 ni àkókò Taihe bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní ọdún 499. Ọba Xiaowen ni ó ni ín, kì í ṣe Xiaoming, ẹni tí kò gun orí oyè títí di ọdún 515. Ìjọba Liang pẹ̀lú kò bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 502. Báwo ni ènìyàn yóò ti ṣe kúrò ní ìjọba tí a kò tí ì dá sílẹ̀? Ó tún ní ẹni tí ó fi ìwé náà lé Li Jing lọ́wọ́ ni akọni onírùngbọ̀n kan, bẹ́ẹ̀ ni akọni yìí kò gbé ayé rí. Inú ìtàn àròsọ kan tí a kọ ní ìgbẹ̀yìn ayé àwọn ọba Tang ni ó wà.

Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ìwé ilẹ̀ tí ẹnì kan gbé wá sí kóòtù. Ó ní ọdún 1930 ni baba òun ra ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí adájọ́ ka ìwé náà, náírà ni ó rí pé a fi san owó ilẹ̀. Ọdún 1973 ni náírà dé ilẹ̀ wa. Adájọ́ kò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn mọ́, ìwé náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ayédèrú ni òun.

Ọ̀mọ̀wé kan tí à ń pè ní Ling Tingkan, tí ó kú ní ọdún 1809, ti rí ayédèrú yìí kí a tó bí Tang Hao. Lónìí àwọn onímọ̀ gbà pé nǹkan bí ọdún 1624 ni a kọ ìwé náà. Bí a bá sì gbà pé nǹkan bí ọdún 527 ni Bodhidharma dé, a jẹ́ pé bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti ọgọ́rùn-ún kan ni ó wà láàárín ọkùnrin náà àti ìwé tí ó kọ́kọ́ fún un ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kódà, ìdárayá ni ìwé náà ń sọ. Àwọn tí wọ́n dé lẹ́yìn ni wọ́n sọ ọ́ di baba gbogbo ìjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, Liu E fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń kà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń ti ẹnu dé ẹnu, títí tí ó fi dé inú ìwé pẹlẹbẹ tèmi.

Ohun tí òkúta wí

Bí mo ti ka ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, inú mi bàjẹ́. Ó ṣe mí bí ẹni pé a gba ìtàn dídùn lọ́wọ́ mi, a kò sì fi nǹkan kan rọ́pò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà lẹ́yìn náà dùn ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé òtítọ́ ni.

Òkúta ńlá kan wà ní Shaolin tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 728. A kọ ọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀ títí, lára ohun tí a kọ síbẹ̀ sì ni lẹ́tà tí Li Shimin kọ sí àwọn mọ́ńkì ní ọdún 621. Ní àkókò náà, Li Shimin ń bá Wang Shichong du ìjọba. Àwọn mọ́ńkì Shaolin dìde, wọ́n bá àwọn ọmọ ogun Wang Shichong jà, wọ́n mú ìbátan rẹ̀, wọ́n sì fà á lé Li Shimin lọ́wọ́. Mọ́ńkì 13 ni a dárúkọ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ akin náà. Nígbà tí Li Shimin ṣẹ́gun, ó fún ilé náà ní ilẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 40 qing àti ọlọ tí omi ń yí. Ní ọdún 626 ó di ọba ńlá, ilé Shaolin sì rí ojú rere rẹ̀. Sinimá tí Jet Li kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1982, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shaolin Temple, orí ọ̀rọ̀ yìí ni a gbé e kà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: òkúta náà kò sọ irú ìjà tí àwọn mọ́ńkì náà jà, kò sì sọ pé Bodhidharma ni ó kọ́ wọn.

Òkúta mìíràn tún wà níbẹ̀ tí a gbé kalẹ̀ ní ọdún 1517. Àwọn mọ́ńkì fúnra wọn ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n ní ní àkókò tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ń wé gèlè pupa kọ lu ilé náà, òṣìṣẹ́ kan nínú ilé ìdáná ni ó gbé ọ̀pá tí a fi ń ko iná, tí ó lé wọn lọ. Òrìṣà sì ni òṣìṣẹ́ náà. Nígbà tí Cheng Zongyou, tí ó ti kọ́ ìjà ní Shaolin fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ, kọ ìwé nípa ìjà ọ̀pá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1600, òrìṣà ilé ìdáná yìí ni ó pè ní baba ìjà náà. Àlọ́ ni èyí pẹ̀lú, àmọ́ ó kọ́ wa ní nǹkan méjì. Èkínní, àwọn mọ́ńkì ìgbà náà kò ka Bodhidharma sí baba ìjà wọn. Èkejì, ọ̀pá ni wọ́n fi ń jà ju ọwọ́ lásán lọ.

Ìjà ọ̀pá yìí wúlò. Ní ọdún 1553 ìjọba pe àwọn mọ́ńkì lọ sí etíkun láti bá àwọn ajalèlókun jà, àwọn mọ́ńkì Shaolin sì wà nínú wọn. Ní ọdún 1561, balógun kan tí à ń pè ní Yu Dayou bẹ ilé náà wò. Ìjà ọ̀pá wọn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì mú mọ́ńkì méjì lọ, ó kọ́ wọn fún bí ọdún mẹ́ta. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni ọgbọ́n ìjà ti wá. Ọmọ ogun kọ́ lọ́dọ̀ mọ́ńkì, mọ́ńkì kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ ogun, àwọn ará abúlé náà sì ní tiwọn.

Ìdí tí a fi ń wá baba fún iṣẹ́

Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé a rí àlọ́ kan, kí a wá fi ṣe ẹlẹ́yà. Ìjà jẹ́jẹ́ tí à ń pè ní taijiquan ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n ní Zhang Sanfeng, ẹni mímọ́ òkè Wudang, ni ó dá a sílẹ̀. Tang Hao lọ sí abúlé àwọn ará ilé Chen ní agbègbè Henan láti wádìí. Ó fi ìjà wọn wé ìwé tí balógun Qi Jiguang kọ ní ọdún 1560, níbi tí a ti ṣe àlàyé ìdúró ìjà 32. Ó ní 29 nínú wọn ni ó wà nínú ìjà ilé Chen, ó sì gbà pé Chen Wangting, ọmọ abúlé náà, ni ó ṣe é. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá a jiyàn lórí ẹni tí ó ṣe é, bí ó ti yẹ kí onímọ̀ máa ṣe.

Ibi tí orúkọ Zhang Sanfeng ti kọ́kọ́ wọ ọ̀rọ̀ ìjà ni ọ̀rọ̀ ìrántí tí Huang Zongxi kọ fún olóògbé oníjà kan ní ọdún 1669. Ó ní òrìṣà kan kọ́ Zhang ní ìjà lójú àlá, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, òun nìkan pa ju ọgọ́rùn-ún olè lọ. Ta ni Huang Zongxi? Ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ó ti bá àwọn Manchu jà nígbà tí wọ́n gba ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1644. Ó yin ìjà Wudang, ti ilẹ̀ wọn, lé orí ti Shaolin, ilé ẹ̀sìn tí ó ti òkèèrè wá. Àwọn onímọ̀ kan rò pé ẹkún ìlú tí a gbà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ni ó fi pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, bí àlọ́ kò bá tilẹ̀ sọ òtítọ́ nípa ìgbà tí ó ń ròyìn, ó lè sọ òtítọ́ nípa ìgbà tí a pa á.

Ìpadàbọ̀ sí kíláàsì

Ọjọ́ tí mo ní láti padà kọjú sí àwọn ọmọ náà, ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá tí ń yẹ iṣẹ́ wa wò jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé máàkì lórí orúnkún rẹ̀. Èrò kan wá sí mi lọ́kàn pé kí n fo ọ̀rọ̀ náà, kí n kọ́ wọn ní ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n mo rí ọmọbìnrin yẹn tí ó tẹjú mọ́ mi. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo kọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá kì í ṣe òtítọ́. Èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ ṣí ìwé yín." Wọ́n fa ìlà sórí rẹ̀. Mo wá kọ àwọn ọdún wọ̀nyí sára pátákó, láti 495 dé 1624, a sì ń bi ọdún kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí ó rí.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ọ̀gá náà sọ fún mi pé ọdún tí mo kọ sára pátákó ti pọ̀ jù fún ọmọ kíláàsì kẹrin, àti pé àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò rí i kà dáadáa. Òtítọ́ ni ó sọ, mo sì gbà. Kò bá mi wí nítorí àṣìṣe tí mo jẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, a ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn púpọ̀: ìtàn ìlú, ìtàn ọba, ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe èyí tàbí tọ̀hún. Kí a tó kọ ọ̀kan sára pátákó, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́? Nígbà wo ni ó sọ ọ́? Ibo ni òun ti gbọ́ ọ? Kí ni ó ń fẹ́ tí ó fi sọ ọ́? Bí ìtàn náà bá yege, kí a kọ́ wọn ní ìtàn. Bí kò bá yege, kí a kọ́ wọn ní àlọ́, kí a sì pè é ní àlọ́. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí tí mo sọ yìí pẹ́ ju ogún ọdún lọ kí òtítọ́ tó bá a, ọmọ kíláàsì kẹrin ni ó sì bá a lọ́wọ́ mi.